Níbo ni "set" ti bá ẹ̀yin?

Ọmọ Ìlódè
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ará Ifẹ̀. Ọmọ àbúrò mi wá láti Lọ́ńdọ̀nù, mo mú un lọ wo bọ́ọ̀lù ní Parakin. Ọmọ kékeré kan bi í pé, "Bọ̀ọ̀dá, sẹ́ẹ̀tì wo lẹ wà?" Ó wò mí lójú, ó ní òun ò mọ̀ pé tẹ́níìsì la wá gbá. Ọmọ tí wọ́n bí sílé elédè! Mo ṣàlàyé fún un pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ni sẹ́ẹ̀tì, pé èyí tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé rẹ̀ á bọ́ sẹ́yìn, èyí tó kàn á wọlé. Ó gbá a títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀yin ńkọ́, níbo ló ti bá yín?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Ẹ gbọ́ ti wọ́ọ̀dù wa. Wọ́n gbé màmá kan wá, ìgbẹ́ gbuuru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fa omi ara wọn gbẹ. Dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde iléèwé ní, "Sístà, ẹ bá mi sẹ́ẹ̀tì láìnì fún Màmá kíákíá." Ni Màmá bá na ọwọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n fa fóònù yọ. "Ẹ má wulẹ̀ ṣèyọnu, ọmọ mi. Láìnì mi ń ṣiṣẹ́, àná ni mo ra káàdì sí i." Abẹ́rẹ́ tí à ń kì bọ iṣan kí omi lè gba ibẹ̀ wọ ara ni dókítà ń wí! Mo fẹ́ pa ẹ̀rín mọ́ra, kò ṣeé ṣe. Màmá náà bá wa rẹ́rìn-ín, ọwọ́ wọn dẹ̀, mo sì rí iṣan lẹ́ẹ̀kan náà.

Bíríkìlà Sábó
Eré lẹ̀yin ń ṣe. Níbi tiwa, sẹ́ẹ̀tì lè wó ilé.

Bí a bá po sìmẹ́ńtì, kì í ṣe pé ó ń gbẹ bí aṣọ tí a sá sóòrùn. Omi àti sìmẹ́ńtì ló ń wọnú ara wọn títí yóò fi gan. Gígan yẹn là ń pè ní sẹ́ẹ̀tì. Kódà, àwọn tó ń ṣe é ní ilé iṣẹ́ máa ń lọ òkúta rírọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní jípúsọ́ọ̀mù (gypsum) díẹ̀ mọ́ ọn, kí ó má bàa gan lójijì mọ́ wa lọ́wọ́.

A da dẹ́kìn fún bàbá kan ní Ìrẹmọ. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Bàbá gòkè, wọ́n fi gìgísẹ̀ kì í wò, ó le. Wọ́n ní, "Ó ti sẹ́ẹ̀tì, ẹ yọ pákó, mo fẹ́ dá a padà fún ẹni tó ni ín." Wọ́n tún bá mi tí mò ń bu omi rin ín, wọ́n ní mò ń ba iṣẹ́ jẹ́. Mo ní, "Dádì, ó ti sẹ́ẹ̀tì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì lágbára." Ọjọ́ 28 ni àwọn ẹnjinníà fi ń wọn agbára kọnkéré. Wọ́n rojọ́, wọ́n pe ọmọ wọn lórí fóònù, wọ́n ní mo fẹ́ jẹ owó pákó ni. N ò yọ ẹyọ kan.

Onírun Lágéré
Tèmi ò gùn: wáàṣì àti sẹ́ẹ̀tì. Rólà, dráyà, ó parí.

Ìyá Aláwo, Odò-Ògbè
Ìyàwó ọ̀ṣìngín kan ní kí n fún òun ní sẹ́ẹ̀tì kúlà. Mo gbé mẹ́ta jáde. Ó ní ní Modákẹ́kẹ́, mẹ́rin ni sẹ́ẹ̀tì. Mo ní, ọmọ mi, iye tó bá wà nínú páálí ni sẹ́ẹ̀tì. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sanwó.

Tísà Àgbà
Ẹ ò tíì rí nǹkan. Nínú ìwé atúmọ̀ èdè Oxford, ẹ̀dà kejì tí wọ́n tẹ̀ ní 1989, "set" ló gba àyè jù lọ: ìtumọ̀ 430. Nígbà tí wọ́n tún un yẹ̀ wò, "run" lé e bá, ó sì kọjá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì ló sì fara pamọ́ síbẹ̀. Ti bíríkìlà àti ti nọ́ọ̀sì, Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni, *settan*, ìyẹn mú nǹkan jókòó. Ti ọmọ bọ́ọ̀lù àti ti ìyá aláwo gba ọ̀dọ̀ àwọn Faransé wá láti inú Látìn, *secta*, àwọn tó ń tọ ẹnì kan lẹ́yìn. Ìró wọn jọra, ni wọ́n bá di ọ̀kan.

Àwa kì í kó gbogbo rẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kan lórí. À ń dá ọjọ́, à ń dẹ pańpẹ́, à ń tẹ́ tábìlì, à ń to eegun. Oòrùn ń wọ̀, ẹ̀kọ ń dì.

Àgbà Ẹnuwá
Tísà, ẹ rọra. "Dá" tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ yẹn ńkọ́? A dá iná, a dá oko, a dá ẹjọ́, a dá owó jọ, igi dá. Òyìnbó kan wá kọ́ Yorùbá níbí, "igi dá" ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún un. Mo sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sí Òkè Ìtasẹ̀ lọ dá Ifá. Ojú ẹ̀ korò. Ó bi mí pé ta ni yóò wá tún un ṣe.

Tísà Àgbà
Bàbá, mo túúbá.

Ìyá Aláwo, Odò-Ògbè
Ẹni tó bá fẹ́ kúlà kó tètè wá o, ọjà ti ń tán. Sẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́yọ mẹ́ta ni.