Áàpù kan, ẹ̀dà méjì: báwo ni mo ṣe lè gba ààyè padà lórí fóònù tí mo ti root?

Ẹ̀yin ọ̀gá onífóònù, ẹ kú iṣẹ́ o. Fóònù 16GB ni, LineageOS (irú Android kan) ló wà lórí rẹ̀, mo sì ti root ẹ̀, ìyẹn ni pé mo ti gba àṣẹ láti yí fáìlì inú ètò rẹ̀ padà. Áàpù tó bá ROM (ètò tó ń darí fóònù) wá ń gbé inú /system, apá tí fáìlì ètò náà wà. Tí Play Store bá ti update rẹ̀, ẹ̀dà tuntun á lọ jókòó sí /data/app, ní /data tó jẹ́ apá tí áàpù tí èèyàn gbé wọlé ń gbé, ti àtijọ́ ò sì ní kúrò níbi tó wà. Ní báyìí, àṣẹ "df -h /data" ní 600MB péré ló kù.

Mo ti pa auto-update. "Uninstall updates" ń yọ ààyè díẹ̀, àmọ́ áàpù á padà di ògbólógbòó, òmíì ò tiẹ̀ ní ṣí mọ́ àfi téèyàn bá tún un update. Clear cache, ìyẹn pípa fáìlì ìgbà díẹ̀ rẹ́? Ẹ má wulẹ̀ dárúkọ ẹ̀, kì í pẹ́ kún padà. Pípa áàpù rẹ́ nínú /system náà ò ran /data lọ́wọ́, torí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Mo fẹ́ fi TWRP (irinṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé Android ṣí) gbé apk (fáìlì áàpù) tuntun rọ́pò ti àtijọ́ nínú /system, kí n chmod ẹ̀ sí 644, kí ètò fóònù lè kà á. Ṣùgbọ́n OTA (update ètò fóònù) tó bá dé á kọ /system tuntun, ohun tí kò sí nínú addon.d (fódà àwọn script, ìyẹn àkójọ àṣẹ, tó ń dá fáìlì padà lẹ́yìn update) á sì pòórá. Ta ló lè fi bí wọ́n ṣe ń kọ script addon.d hàn mí? Àbí kí n kúkú sọ káàdì 32GB di ibi ìpamọ́ inú fóònù, bí áàpù ò bá ní máa wọ́ nílẹ̀?