Bí a ṣe ń fi sáńpépà dán ara gìtá kí a tó kùn ún

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Igi mahogany ni ara gìtá tí mo fẹ́ tò fúnra mi. Sáńpépà wo ni kí n lò kí n tó fi fáníìṣì kùn ún?

Ìdáhùn: Ẹ fi sáńpépà oní-nọ́ńbà 120 bẹ̀rẹ̀ (bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ga sí i ni ó ṣe ń kúnná sí i), kí ẹ bọ́ sí 180, kí ẹ sì fi 220 parí rẹ̀. Ẹ máa tẹ̀lé ìlà igi, nítorí ibi tí ẹ bá ha lòdì sí i lè má hàn títí àwọ̀ yóò fi kàn án. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún kí irun igi, ìyẹn àwọn fọ́nrán kéékèèké ara rẹ̀, lè dìde. Bí ó bá ti gbẹ, ẹ tún fi 220 dán an fẹ́rẹ́.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni ọ̀gá sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi sáńpépà kan inú ihò tí ọrùn gìtá ń wọ̀, nítorí bí ó bá fẹ̀ jù, ọrùn náà kò ní dúró gírí mọ́.