Ìkẹ́ra kọ́, ìṣara-ẹni-lálejò ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹnì kan ń dúró de bàálù ní pápákọ̀ òfurufú. Ó jókòó, ó ra àwo edé ńlá àti ife ṣanpéènì kan, òun nìkan ló sì ń jẹ ẹ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Kí la ó pe ohun tó ń ṣe yẹn ní Yorùbá? Bọ̀dá wa kan ní "ìkẹ́ra". Àǹtí wa kan ní kí la tún ń wá kiri, "ìnáàpà" ni.

Àǹtí mi, ẹ má bínú, ìdájọ́ nìyẹn, kì í ṣe orúkọ. Owó tirẹ̀ ló ń ná.

Ti "ìkẹ́ra" ló le díẹ̀. Ẹ wo àwọn tí wọ́n jọ dún bákan náà: ìpara, ìnura. Bí ìkẹ́ra bá tò sẹ́yìn wọn, á di ohun tí wọ́n ń tà nínú ike. Tí a bá fi "ẹni" sí i, tó di "ìkẹ́ra-ẹni", ó sàn, torí a ti ní "ìsẹ́ra-ẹni" tẹ́lẹ̀, á sì wá di òdìkejì rẹ̀.

Síbẹ̀, kò sọ nǹkan kan nípa ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ti kọjá ibi àyẹ̀wò kò sí nílé mọ́, kò sì tíì dé ibi tó ń lọ. Láti 2006 ni ọ̀pọ̀ pápákọ̀ ti ń gba ohun olómi tó bá ti ju mílílítà 100 lọ́wọ́ èèyàn, nítorí náà kò lè gbé ọtí tirẹ̀ wọlé. Àlejò ni, kò sì sí onílé tí yóò gbé àwo fún un. Òun náà ló máa ṣe onílé. Ìdí tí mo fi mú "ìṣara-ẹni-lálejò" wá nìyẹn. Ẹ lè ní ó gùn jù, ṣùgbọ́n gbogbo wa la ń pe "ìmọtara-ẹni-nìkan" láì kọsẹ̀.

Ẹnì kan tún kọ "oúnjẹ òkun" fún ohun tó wà nínú àwo náà. Oúnjẹ ajá, ajá ló ń jẹ ẹ́. Oúnjẹ òkun wá dà bí ẹbọ tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sétí omi! Mo mọ̀ pé "oúnjẹ ilé" wà, ilé kò sì jẹun, àmọ́ "oúnjẹ inú òkun" kò ná wa ju ọ̀rọ̀ kan lọ. "Ẹran omi" kò wọlé rárá: bí Yorùbá bá ń dárúkọ ohun tó wà nínú ọbẹ̀, ẹran lọ́tọ̀, ẹja lọ́tọ̀.

Ẹni tó sì pe ọ́ísítà, ohun oníkarahun inú òkun tí wọ́n tún máa ń jẹ, ní "ìgbín òkun", ẹ jọ̀ọ́. Ìkarahun kan ni ìgbín ní, ó sì ń rìn. Méjì ni ti ọ́ísítà, ojú kan tó bá lẹ̀ mọ́ ló máa ń wà. "Alẹ̀mápàáta", ìyẹn ohun tó lẹ̀ mọ́ àpáta, ni ẹ jẹ́ ká gbé yẹ̀ wò.

Ní ti ṣanpéènì, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orúkọ agbègbè kan ní ilẹ̀ Faransé ni. Tí ẹ bá sọ ọ́ di "ọtí tó ń hó", gbogbo ọtí tó ń hó ló máa jẹ́ ẹ, títí kan bíà.