Ariwo abẹ́ mọ́tò mi ti dákẹ́: bọ́ṣìn ni lóòótọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti padà dé. Ẹ rántí pé mo béèrè níbí ìdí tí iwájú Corolla mi fi ń dún gbì-gbì nínú kòtò, tó sì máa ń fà sápá òsì tí mo bá ti tẹ bíréèkì. Ẹni tó ní kí n wo bọ́ṣìn lower arm (rọ́bà inú irin, níbi tí apá irin tó di ẹsẹ̀ táyà mú ti so mọ́ ara mọ́tò) kí n tó náwó sórí ṣọ́ọ̀kì, ẹ kú làákàyè o! Ti apá òsì ti ya débi pé mo ń rí ìmọ́lẹ̀ láàárín rọ́bà àti irin.

Yíyọ lower arm kò le. Bọ́ṣìn àtijọ́ ló fẹ́ pa mí. Mo fi hámà lù ú títí, kò mira. Ìgbà tí mo fi ayùn irin rẹ́ ìkarahun rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ló tó jáde. Bóòtì gígùn, wáṣà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá ni mo fi fa tuntun wọlé.

Àṣìṣe mi rèé: mo de bóòtì lower arm pinpin nígbà tí táyà ṣì wà lófuurufú. Rọ́bà bọ́ṣìn yẹn kì í yí, lílọ́ ló máa ń lọ́. Tí ẹ bá dè é báyẹn, ó máa lọ́ gbàrà tí mọ́tò bá délẹ̀, kò sì ní pẹ́ ya. Mo tú u, mo fi jáàkì ti lower arm sókè títí ìwúwo mọ́tò fi bọ́ sórí rẹ̀, kí n tó tún un dè.

Mo ṣe alignment (títún táyà tò kó lè dúró gún) lọ́jọ́ kejì. Mo ti ń gba Ìwó Road fún ọjọ́ mẹ́wàá báyìí, kò dún pínkín. Mo ti ìbéèrè mi pa.