Ṣé fítámì D lè jẹ́ kí kókó NF1 rọ?

MámàTiwa (Manchester): Ẹ káàsán o ẹ̀yin ará. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, ó ní NF1, neurofibromatosis, àìsàn inú jíìnì tó máa ń mú kí kókó yọ sára. Àtọmọ ọwọ́ ni àmì aláwọ̀ kọfí ti wà lára ẹ̀, ní báyìí kókó kéékèèké ti ń yọ sí i lẹ́yìn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, fítámì D ẹ̀ lọlẹ̀ gan-an. Àǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n máa fún un ní 10,000 yúníìtì lójoojúmọ́, pé kókó yẹn á rọ. Ṣé òótọ́ ni? Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Nọ́ọ̀sìDúpẹ́: Ẹ pẹ̀lẹ́ mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fún un ní 10,000 yẹn o! Láìjẹ́ pé dókítà ló kọ ọ́, NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, ní kí ọmọ ọjọ́ orí ẹ̀ má kọjá 4,000 lóòjọ́, tó bá pọ̀ jù kálísíọ́ọ̀mù á kún inú ẹ̀jẹ̀, á sì ba kídìnrín jẹ́. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá, ní 2006 àwọn olùwádìí kan ní Jámánì rí i pé fítámì D àwọn tó ní NF1 kéré sí tàwọn tí ò ní in, àti pé àwọn tí kókó ara wọn pọ̀ ni tiwọn tún lọlẹ̀ jù. Ìyẹn ò sọ pé fítámì ló ń lé kókó lọ. Jíìnì NF1 tó yẹ kó máa kó sẹ́ẹ̀lì níjàánu ló bàjẹ́, kò sí fítámì tó lè tún un ṣe. Egungun ni kẹ́ ẹ torí ẹ̀ tọ́jú fítámì D ẹ̀, torí egungun wọn sábà máa ń fẹ́lẹ́, ẹ̀yìn àwọn míì á tiẹ̀ wọ́.

ỌmọÈkìtì: Èmi náà ní NF1, mo ti lé lógójì. Fítámì D mi ti gòkè, kókó mi ò dín ẹyọ kan, àmọ́ mi ò fi oògùn yẹn ṣeré torí egungun, pàápàá àwa aláwọ̀ dúdú tá a wà nílùú tí oòrùn ò ti tó. Tí kókó ńlá tó lọ́ mọ́ iṣan ìmọ̀lára bá wà lára ẹ̀ tí iṣẹ́ abẹ ò lè yọ, ẹ bi dókítà nípa oògùn kan tó ń jẹ́ selumetinib.

MámàTiwa: Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Àbúrò ẹ̀ ńkọ́, ṣé òun náà lè ní in, nígbà tí èmi àti bàbá wọn ò ní irú ẹ̀?

Nọ́ọ̀sìDúpẹ́: Bí ìdajì àwọn tó ní in ni kì í ṣe lára òbí ni wọ́n ti jogún ẹ̀. Síbẹ̀ ẹ ní kí wọ́n wo awọ ara àti ojú ẹ̀yin méjèèjì, ìyẹn ni wọ́n á fi mọ̀ bóyá kí wọ́n yẹ àbúrò náà wò.