Kí ló dé tórúkọ Francis ti Assisi ò tíì parẹ́?

Ọmọ_Ìjọ: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, bàbá yìí, ẹni mímọ́ ìjọ Kátólíìkì ará Ítálì, ti kú láti 1226, kí ló dé tí gbogbo ayé ṣì ń dárúkọ ẹ̀? Póòpù tó jẹ ní 2013 náà, orúkọ ẹ̀ ló mú.

Ìyá_Ìbejì: Ọmọ mi, torí àwọn tálákà ni o. Ọmọ olówó tó ń ta aṣọ ni, ó fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ àwọn fráyà sílẹ̀, ìyẹn àwọn ọkùnrin ìjọ Kátólíìkì tó jẹ́jẹ̀ẹ́ láti máa gbé bíi tálákà, wọ́n ṣì wà títí dòní. Ibùjẹ ẹran tá a máa ń ṣe ní Kérésì yẹn, òun ló jẹ́ kó gbajúmọ̀, ní ìlú Greccio ní Ítálì ní 1223, ó ní kí wọ́n mú màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gidi wá káwọn ará ìlú lè fojú ara wọn rí bí wọ́n ṣe bí Jésù sínú ìṣẹ́, ó máa ń wọ̀ mí lọ́kàn gan-an.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifá: Ẹ kú àlàyé mà. Ẹ má gbàgbé Cuba o, àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ so ó pọ̀ mọ́ Ọ̀rúnmìlà, 4 October tó jẹ́ ọjọ́ àjọ̀dún Francis nínú ìjọ làwọn babaláwo ibẹ̀ máa ń ṣọdún Ọ̀rúnmìlà.

Ọmọ_Ìjọ: Háà, ẹ ṣé gan-an ni!