Èsì: "Ìtàn àìrí". Àìrí kí ni?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Mo ti pinnu pé mi ò ní dá sí i. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi ń ka ohun tí ẹ ń kọ, tí mò ń fọwọ́ bo ẹnu. Orúkọ lẹ ń wá fún àwọn ìwé tuntun tí àwọn ọmọ wa ń kọ ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn èyí tí ẹ̀dá àjèjì ti ń já bọ́ láti ojú ọ̀run, tí òrìṣà ń ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì, tí ọmọdébìnrin ń fi ọfọ̀ pe òkú. Àbúrò wa tó wà ní Peckham ka mẹ́ta nínú wọn, ó gbádùn wọn, ó sì ní kí a máa pe gbogbo wọn ní "ìtàn àìrí", torí pé ohun tí ojú kò rí ni wọ́n ń sọ. Ẹni mẹ́fà ló ti kí i kú làákàyè. Ẹnì kan tiẹ̀ ní òun á fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì òun lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Kó tó di Mọ́ńdè, ẹ jẹ́ kí n béèrè: àìrí kí ni?

Torí nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, bí ẹnì kan bá pe "àìrí", etí àgbà á ṣì máa retí ìyókù. Àìríná. Àìrílò. Àìríjẹ. Àìríbisùn. Ẹ bá a dé àìrọ́mọbí, rí kan náà ló sá pamọ́ síbẹ̀, ìpajẹ ló gbé fáwẹ̀lì rẹ̀ mì. Gbogbo rí wọ̀nyí, ti ọwọ́ ni, kì í ṣe ti ojú. Ìyà sì ni gbogbo wọn. Ẹ wá mú ìwé tí ọmọ Yorùbá fi gba ẹ̀bùn nílùú Lọ́ńdọ̀nù, ẹ pè é ní ìtàn òṣì.

Ẹni wa ní Ìlọrin ti sáré gbé "Ọba àìkú" àti "kòkòrò àìfojúrí" jáde láti fi hàn pé àì- lè ṣe ẹ̀yán, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀-orúkọ láti yán an. Mo gbà fún un. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá, n kò ní torí ìjà sọ pé kòkòrò àìfojúrí kò sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn tó dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ ṣe: wọ́n fi ojú há àárín. Wọ́n mọ̀ pé rí nìkan á ṣi èèyàn lọ́nà. (Àwọn kan nínú yín á fẹ́ la àì- sí méjì, à lọ́tọ̀, ì lọ́tọ̀. Mo mọ̀ yín. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.)

Àní sẹ́, nínú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kan ṣoṣo ni "ìtàn àìfojúrí" ì bá bá mu, ìyẹn Rosewater ti Tade Thompson, tó gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019. Ohun tó kún inú afẹ́fẹ́ níbẹ̀ gan-an ni ẹ̀dá àìfojúrí, ó jọ ìbátan olú, okùn rẹ̀ tín-ín-rín ju irun lọ, ó sì so ọkàn èèyàn pọ̀ mọ́ra. Kaaro, olè àtijọ́ tó di òṣìṣẹ́ ìjọba, á máa gbà á wọ inú ọkàn ẹlòmíràn. Bó bá sì fẹ́ ti ilẹ̀kùn ọkàn tirẹ̀, ìpara tí a fi ń pa làpálàpá ló máa ń fi para. Ìpara làpálàpá! Ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé yẹn ti mú mi. Mo ti ka ìwé òyìnbó tí wọ́n ti fi ojú ìwé mẹ́wàá ṣàlàyé ẹ̀rọ kan, n kò sì gbà wọ́n gbọ́. Ọkùnrin yìí fi ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀ ìyàwó mi parí ọ̀rọ̀. Wọn ò fi àmì sí orúkọ Kaaro. Káàárọ̀ ni mo pè é láti ojú ìwé kìíní dé ìkẹyìn, ẹni tó bá ní ohùn mìíràn kó mú un wá.

Ọdún 2066 ni ìtàn náà bọ́ sí. Ẹ̀dá kan láti òkè jókòó sí ilẹ̀ Nàìjíríà, ó fi òrùlé roboto bo ara rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń ṣílẹ̀kùn, àwọn aláìsàn á rọ́ lọ gba ìwòsàn. Ìlú wá hù yí i ká. Bí ẹ bá bi mí pé ṣé ó ti ṣẹlẹ̀, màá ní kò tíì ṣẹlẹ̀. Ẹ di tíì yẹn mú.

Ẹ wá wo Shigidi and the Brass Head of Obalufon tí Wole Talabi gbé jáde ní 2023. Ṣìgìdì tí àwọn bàbá wa ń fi amọ̀ mọ, tí wọ́n ń rán lọ tẹ èèyàn mọ́lẹ̀ lójú oorun, ló di òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnnì àwọn òrìṣà, níbi tó jẹ́ pé àdúrà ni owó. Ó fiṣẹ́ sílẹ̀, òun àti obìnrin kan sì lọ jí orí Ọbalùfọ̀n gbé ní British Museum. Ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì àwọn òrìṣà yẹn, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ibi ìjà ló gùn jù, mo fò ó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí bóyá èyí ti ṣẹlẹ̀, n kò ní dáhùn pé kò tíì. Màá ní: kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ìyàtọ̀ tí ẹ ń fi ọ̀sẹ̀ odindi wá nìyẹn, inú gírámà wa ló wà. Kò tíì ń fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀la. Kò... rí wo ẹ̀yìn títí dé ìpilẹ̀ṣẹ̀ ayé, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Òyìnbó fi sáyẹ́ǹsì ya irú ìwé kan (science fiction) sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì (fantasy), ẹnu wọn kò sì kò lórí ibi tí ààlà wà. Àwa ní wúnrẹ̀n méjì, ẹyọ ọ̀rọ̀ kéékèèké, tí ọmọ ọdún mẹ́ta ń lò láìṣì.

Fún irú ti Talabi, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́: àrà mérìíyìírí. Ẹ tú u: mi è rí èyí rí. Ìyísódì, è tó ń kọ ọ̀rọ̀, wà níbẹ̀, rí ojú wà níbẹ̀, rí àpọ́nlé, ti "kò ṣẹlẹ̀ rí", sì jókòó sí ìparí bí baálé. Àbúrò mi ní Peckham, rí méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan lo mú. Èyí tí o já sílẹ̀ ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá mi, káfíńtà tí kò kàwé ju Standard Six lọ, kò fojú kékeré wo rí yẹn. Alaalẹ́ Sátidé ló ń ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ fún àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ nídìí àtùpà. Bó bá dé ibi iwin kan tó burú, á dákẹ́, á wo ojú wa kiri, ọmọṣẹ́ tó kéré jù gbọ́dọ̀ wí pé "N ò rí irú rẹ̀ rí" kó tó máa bá a lọ. Bí ọmọ náà bá jẹ́ kí rí ìkẹyìn wálẹ̀, á ní kó tún un pè. Wọ́n kọ́ mi ní ìyísódì ní yunifásítì, wọn ò kọ́ mi dáadáa tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1938 ni ìwé Fágúnwà yẹn jáde, ọdún kan náà tí wọ́n wú àwọn orí idẹ Ifẹ̀ ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, tí ọ̀kan nínú wọn wà ní British Museum kan náà tí Talabi rán ṣìgìdì lọ. Ẹni tó bá ní irú ìtàn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ́dọ̀ wa, kó lọ bi ọdún yẹn léèrè.

Ẹni tó kọ̀wé láti Houston ní kí n má sọ Irúnmalẹ̀ mọ́, Irúnmọlẹ̀ ni. Èèpo ìwé ni mo tẹ̀lé. Ohun tó ń dùn mí ju ìyẹn lọ ni iye tó wà nínú irún tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà. Igba ojùkọ̀tún, igba ojùkòsì, irinwó ni. Ṣóyínká sọ ọ́ di ẹgbẹ̀rún nínú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe ní 1968. Iwin 600 tó lé, ibo ni wọ́n ti wá? Ẹ ó ní ewì ni. Ó dáa. Ṣùgbọ́n Fágúnwà mọ ìṣirò, òun náà ló fún wa ní Igbó Elégbèje, egbèje sì ni 1,400, kò lé, kò dín. N kò yẹ̀ lórí èyí.

Ìwé kẹta ni Children of Blood and Bone, ti Tomi Adeyemi, 2018. Ọmọ wa ni, ó kọ ọfọ̀ ní Yorùbá sínú ìwé tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ń kà, orí mi wú. Ṣùgbọ́n ta ló fi tóótó méjì lé orí i nínú Orïsha? Ohùn mẹ́ta la ní, ọ̀kan nínú wọn a kì í tilẹ̀ fi àmì sí i. Ẹnì kan níbí ti ṣàlàyé pé orúkọ ilẹ̀ inú ìwé ni, kì í ṣe òrìṣà tiwa. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n mú ọ̀kan nínú tóótó méjèèjì, kí wọ́n fi sí abẹ́ s fún wa.

Ibi tí èmi náà ti kọsẹ̀ rèé. Fún irú ti Thompson, tíì gbọ́dọ̀ wọlé. Mo gbìyànjú "àkòtíìrí", ó le lẹ́nu bí ẹran tí kò jinná. Ohun tí gírámà gbà ni "àìtíìrí", bí a ṣe ń sọ pé àìtíìdé ọmọ náà ń kọ mí lóminú. Bẹ́ẹ̀ ni, àì- náà ni. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Mo ṣáà mọ̀ pé tíì ti ṣí ilẹ̀kùn tí àì- tì.

Mo kà á sókè lálẹ́ àná kí n lè gbọ́ bó ṣe ń dún: "Ìtàn àìtíìrí." Ìyá àwọn ọmọ yọjú láti ilé ìdáná, ó ní ṣé owó ìfẹ̀yìntì mi ni mò ń kọ̀wé lé lórí.